Òkúta Tó Ń Mu Omi

Ìyá àgbà bu omi sẹ́nu, ó tú u sórí òkúta náà fùú, ó sì gbé etí lé e bí ẹni tí ń gbọ́ àṣírí. Gbogbo wa dákẹ́. Adìyẹ pàápàá dákẹ́. Bí ẹ ò bá gbà á gbọ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Omi náà tàn díẹ̀ lójú òkúta, ó sì wọlé ṣúú. Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gba imú wa kan.

"Ó mu ún," ni ìyá àgbà wí. "Èyí á pọ́n àdá."

Èyí tí omi bá ṣàn kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń jù ú sí. Á ní, "Òkúta tí kì í mu omi, alágídí ni. Alágídí kì í tún nǹkan ṣe."

Ìlú Ẹ̀fọ̀n ni mo ń wí, láàárín òkè, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ondó, tó jẹ́ pé Àkúrẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba wa ń lọ. Ìyá tó bí ìyá mi ni mo ń pè ní ìyá àgbà. Láti Ìlógbò títí dé Erijiyàn ni wọ́n ti ń wá ra òkúta ìpọ́nàdá lọ́wọ́ rẹ̀. Òkúta oníyanrìn ni, ó pọ́n díẹ̀, ó funfun díẹ̀, ó sì máa ń họ ọwọ́ bí ahọ́n màlúù. Kí ìrì tó gbẹ láàárọ̀, a ó ti wà lẹ́yìn òkè. Yóò fi òòlù àti irin ṣóńṣó gé òkúta sí pẹlẹbẹ, kó, kó, kó. Èmi yóò máa fi omi àti iyanrìn bó ojú rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú.

Kò sí irọ́ nínú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí o: eṣinṣin kan bà lé ẹnu àdá tí ìyá àgbà pọ́n, méjì ló fò kúrò. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi àwọn eṣinṣin náà.

Ìwé mi ò pọ̀. Ìwé kẹfà ni mo ti dúró. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí tíṣà wa sọ pé iyanrìn ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní omi ló kó o jọ sísàlẹ̀, tí ilẹ̀ wúwo lé e lórí, tó pẹ́, tó pẹ́, tó fi lẹ̀ mọ́ra, tó sì di òkúta. Mo sáré wálé lọ sọ fún ìyá àgbà. Ó gbé òòlù sílẹ̀.

"Inú omi ló ti wá?"

"Tíṣà ló wí bẹ́ẹ̀, mà."

"Abájọ! Òùngbẹ ilé ló ń gbẹ ẹ́!"

Láti ọjọ́ náà ló ti yí ìpolówó rẹ̀ padà lọ́jà: "Ẹ ra ọmọ odò o! Ọmọ odò tó ń mú irin gbọ́ràn!"

Ní ìjẹta, ọmọ ọmọ mi ń ṣe géèmù kan lórí fóònù. Ayé àwọn iwin ni wọ́n pè é. Ọkùnrin kan ń gbẹ́ òkúta oníyanrìn nínú aṣálẹ̀, ó ń fi kọ́ ilé ìṣọ́ tí ẹranko oníná kan ò ní lè wó. Mo ní, "Òkúta ìyá àgbà mi nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, eléyìí kì í ṣe òótọ́ o." Mo ní, "Èmi náà, ta ló sọ fún ọ pé òótọ́ ni gbogbo tèmi?"

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni èyí. Ọkùnrin kan tó wá láti ìhà Ọ̀ṣun, tó ti ń ta ìṣó àti páànù láàárín wa, gbé fáìlì, irin tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, wọ ọjà. Fáìlì náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí o bá fà á díẹ̀, ẹnu àdá ti funfun. Àwọn àgbẹ̀ yí i ká. Ọjà ń kọjá, ìyá àgbà ò ta òkúta kankan. Ni ìyálọ́jà bá wá sọ fún un pé bí òkúta ò bá tà mọ́, kó kó o kúrò, kí aláta rí ibi jókòó. Ibẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni ìyá tó bí ìyá àgbà ti tà á dàgbà.

Oní-fáìlì fi kún un. Ó ní, "Ìyá, ẹ lọ fi òkúta yín mọ ògiri. Ayé ti lajú."

"Ayé lajú, àmọ́ eyín ni fáìlì rẹ ń hù sí àdá lẹ́nu," ni ìyá àgbà dáhùn. "Mú àdá tuntun kan, kí n mú ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá fá irun láìfà á tu, òun ló ṣẹ́gun."

"Irun ta?"

"Irun ẹni tó o fẹ́ràn jù."

Ọkùnrin náà wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí àpò ìṣó. Ó mi orí. "Rárá o, ìyá. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní rèé."

Ìyá àgbà yíjú sí mi. Irun mi kún nígbà náà bí igbó àìro. "Ọkọ mi, wá jókòó."

"Màmá, ọmọ ọlọ́mọ!" ni obìnrin kan kígbe.

"Ọmọ ọlọ́mọ kẹ̀? Ọmọ mi ni."

Ó rin òkúta, ó pọ́n àdá, ṣẹ́ẹ, ṣẹ́ẹ, ó sì bu omi sí mi lórí. Irin tútù náà kàn mí níwájú orí. "Má mí," ni ó wí. N kò mí. Mo pẹ́ láìmí tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá ńlá mi fi kí mi káàbọ̀ sọ́run. Mo ń gbọ́ irun mi tó ń já bọ́ sétí, wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́, títí tí afẹ́fẹ́ fi kàn mí lórí yíká. Ẹ̀jẹ̀ kan ò kán.

"Uṣẹ́ mi rèé!" ni ìyá àgbà ké. "Ẹ wá fọwọ́ kàn án!"

Gbogbo ọjà fọwọ́ pa mí lórí. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, orí mi ń dán débi pé oòrùn ń bojú. Oní-fáìlì ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ máa jókòó. Èmi á máa fi fáìlì tún ibi tó bá kán ṣe, ẹ̀yin á máa parí ẹ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Aláta wá ibòmíràn lọ.

Bí a ṣe ń lọ sílé ni mo bi í: "Ìyá àgbà, ẹ̀rù ò bà yín?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Bó bá jẹ́ pé ó lè gé ọ, ṣé mo lè tà á fún ọmọ ẹlòmíràn ni?"

Káfíńtà ni mo dà. Àkàbà tí mo bá kàn, ọmọ tèmi ló kọ́kọ́ ń gùn ún. Àwọn kan ní mo le lọ́kàn jù. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Oyè ti kàn mí ní ìjọ, wọ́n ti yìn mí lójú agbo, mo sì ti fi ẹnu ara mi yin ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó tó ti ọjọ́ tí ìyá àgbà wo gbogbo orí tó wà lọ́jà, tó sì yan tèmi.