Ẹni Tí Ó Dín Fífò Rẹ̀ Kù

Tẹlifíṣọ̀n kan wà ní gbọ̀ngàn tí a ti máa ń dúró de físíò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ mi ní ìrìn. Rìmóòtù rẹ̀ ti sọnù kí n tó débẹ̀, òkè pátápátá ni wọ́n sì gbé e kọ́ sí, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tó o. Ìkànnì eré ìdárayá kan ṣoṣo ló ń fi hàn, kò sì ní ohùn. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọkùnrin tó ń sáré yọ̀ lórí omi dídì ni à ń wò, bàtà ẹsẹ̀ wọn ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ bí abẹ. Ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀ ní àwọn tó dáńgájíá jù lọ ní ọdún mẹ́wàá tó lọ ni wọ́n ń ṣà jọ.

Àwa mẹ́ta la máa ń bá ara wa níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ààfáà kan láti Gàmbàrí tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì rẹ̀. Èkejì ni màmá kan, ará Ọ̀mù-Àrán tó kọ́lé sí àdúgbò Fate, tó ṣe iṣẹ́ tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ni èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì kan tó dojú dé lójú ọ̀nà Òkè-Oyi. Itan mi ọ̀tún ṣẹ́. Mẹ́ta nínú àwọn tí a jọ jókòó kò jáde láàyè. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì wọ ọkọ̀ kankan tó kọrí sí ọ̀nà yẹn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé mi wá sí ilé ìwòsàn, àárín ni mo sì máa ń jókòó sí, kí n lè ní ènìyàn lọ́tùn-ún àti lósì.

Òkè-Oyi ni ìyá mi ń gbé. Kí ọkọ̀ yẹn tó dojú dé, gbogbo Sátidé ni mo ń lọ wò ó. Nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ẹbí rán ẹ̀gbọ́n mi kan sí i, wọ́n ní kó fi ọgbọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀. Ibẹ̀ la ti ṣe àṣìṣe. Ìyá mi ti dàgbà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bomi la ọ̀rọ̀ fún arúgbó. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú, wọ́n ní ó kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Ó ti lé ní ogójì ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín kó tó gbọ́. Nítorí náà, bó ṣe gbọ́ "díẹ̀" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ṣírò ó tán: wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọmọ òun.

Kò sí ohun tí mo sọ lórí fóònù tó yí ọkàn rẹ̀ padà. Mo fi fọ́tò ẹsẹ̀ méjèèjì ránṣẹ́, ó ní ẹsẹ̀ ta ni. Mo ní kí wọ́n fi fídíò hàn án, ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òun náà kò lè wá, ọkọ̀ máa ń kọ́ ọ lóòyì. "Ìwọ ni kó o wá," ó ní, "kí n fọwọ́ kàn án." Sàráà tó yẹ kí a ti ṣe nítorí pé mo yè, ó ní òun kò ní rẹ àgbàdo tí a ó fi dín mósà rẹ̀ títí n ó fi dúró níwájú òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í jẹun dáadáa mọ́, pé èjìká rẹ̀ ti yọ. Oṣù kẹjọ ló ń lọ yìí tí ọkọ̀ ti dojú dé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ n ó sọ pé ọ̀la ni, bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Sátidé, n ó wá iṣẹ́ kan fún ara mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ààfáà ló kọ́kọ́ gbè lẹ́yìn ẹnìkan nínú àwọn tó wà lórí omi dídì. A kò mọ orúkọ wọn, aṣọ wọn la fi ń dá wọn mọ̀. Ẹlẹ́wù Dúdú ni tirẹ̀.

"Ẹ bá mi kà á," ó ní. "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ta ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn?"

"Ààfáà, ẹ ń ka yíyí bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà," Màmá dá a lóhùn. "Ẹ wo ọwọ́ Aláṣọ Funfun. Ẹ wo bí kò ṣe kánjú. Ká ní kíláàsì mi ló wà, mọ́kàndínlógún nínú ogún ni ǹ bá fún un."

"Kí lẹ fi yọ oókan?"

"Ó ń wo ilẹ̀ jù."

"Tíṣà ò lè ṣe kó má yọ nǹkan."

Lọ́jọ́ kan, bí Ẹlẹ́wù Dúdú ṣe fẹ́ fò, Ààfáà gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó dá ṣáṣá sókè, ó ń ṣe àdúrà fún un. Ẹlẹ́wù Dúdú fò, ó sì fi ìdí jókòó. Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà tún jáde, Ààfáà tún gbọ́wọ́ sókè. Màmá wò ó.

"Ààfáà, eré ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyí. Wọ́n ti ṣe é tipẹ́tipẹ́, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n kàn ń tún fi hàn."

Ààfáà kò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Màmá, àdúrà kì í wo déètì."

"Ó tún ṣubú ṣáá."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n kò fara pa."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì di irin àga mú. Mo mọ̀ pé yóò ṣubú kó tó fò, síbẹ̀ gbogbo ara mi ló le. Bí bọ́ọ̀sì wa náà ṣe ń ṣe mí nìyẹn. Ó ti dojú dé, ó ti parí, wọ́n ti wọ́ àwókù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán gangan, tí mo bá ń ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀rọ oníbàárà, bọ́ọ̀sì náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì, n ó sì tún máa wá ibi tí n ó dì mú.

Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni èmi ń wò. Bí wọ́n bá fò, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi ń balẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ọ̀tún, wọ́n á sì máa yọ̀ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí náà ni físíò ní kí n máa dá dúró lé lórí títí òun yóò fi ka mẹ́wàá. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, ojú mi ló máa ń wò bó ṣe ń kà, kò mọ̀ pé mo fi ìka kan kan irin tó wà lẹ́yìn mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Màmá sì rí i láti ibi tó jókòó sí. "Ìka yẹn ńkọ́?" ó bi mí nígbà tí mo jáde. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọkùnrin kẹta kan wà tí Ààfáà àti Màmá kì í dárúkọ nínú àríyànjiyàn wọn. Ọlọ́rùn Gígùn ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Ó ṣubú burúkú nígbà àkọ́kọ́ tó fò, ó fi ìgbáròkó gbá ilẹ̀. Ó dìde. Nígbà tó dé ibi tó ti yẹ kó tún yí lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló yí, ó sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí eré rẹ̀ fi tán. Ipò kẹfà ló ṣe.

Ní Ìṣẹ́gun tí ìtọ́jú Ààfáà yóò parí, ó ní àwọn gbọ́dọ̀ yanjú ọ̀rọ̀ náà kí òun tó lọ. Ó kọjú sí mi. "Àbúrò, ìwọ ló kù. Ọ̀kan sí ọ̀kan la wà."

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, Ààfáà."

"Oṣù mẹ́ta lo ti ń wò ó. Ta ló ga jù?"

Mo ronú pé kí n mú ọ̀kan nínú àwọn méjì, kí n má bàa bí ẹnikẹ́ni nínú. Ṣùgbọ́n òmíràn ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní ẹni tó lọ́rùn gígùn, tó ṣubú, tó wá ń yí lẹ́ẹ̀mejì.

"Èyí tó sá?" Ààfáà bèèrè.

"Kò sá. Ó dín in kù ni. Ó sì parí rẹ̀ lórí ìdúró."

"Ipò kẹfà," Màmá ní.

"Mo mọ̀, Màmá."

"A ní kó mú ẹni tó ga jù, ó mú ẹni tó ṣọ́ra jù," Ààfáà ní. "Ẹ̀rù ló ń bá ọ dìbò."

Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n n kò lè rẹ́rìn-ín. Mo bá sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn, bí ó ṣe ń rù, bí Sátidé ṣe ń kọjá lórí mi. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ààfáà ń fi ọwọ́ kan pa èkejì. Ó ní, "Ṣé gbogbo ọ̀nà yẹn ló ń dẹ́rù bà ọ́ ni, àbí ibi tí ọkọ̀ ti dojú dé?"

Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. "Kọ́nà kan ni," mo ní. "Lẹ́yìn afárá."

"Ká ní ọkùnrin tìrẹ yẹn ló fẹ́ gba kọ́nà náà, báwo ni ì bá ṣe gbà á?"

Ní Sátidé, mo wọ bọ́ọ̀sì. Mo jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, mo di irin àga iwájú mú débi pé obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi bi mí bóyá ara mi kò yá. Bí mo ṣe rí afárá lọ́ọ̀ọ́kán, mo ní mo fẹ́ sọ̀.

"Bàbá, kò sí ilé kankan níbí o," dírẹ́bà ní.

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi dúró."

Ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn. Mo sọ̀, mo jẹ́ kí wọ́n lọ, mo gba afárá kọjá pẹ̀lú ọ̀pá mi, mo sì fẹsẹ̀ rin kọ́nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àfọ́kù gíláàsì ṣì wà nínú koríko. N kò wo kòtò tí bọ́ọ̀sì wa dojú dé sí. Ọkọ̀ mélòó kan fun fèrè mọ́ mi. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti gún, òógùn ti mu ẹ̀wù mi, mo dá bọ́ọ̀sì mìíràn dúró.

Ìyá mi wà níta tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbọ́ ọ̀pá kó tó gbọ́ ohùn mi, mo sì rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ọ̀pá nìyẹn," ó ní.

"Èmi ni, Ìyá."

Kò kí mi káàbọ̀. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì, ó bọ́ sí ọ̀tún, láti itan dé ọmọ ìka. Ó já mi léèékánná.

"Ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí."

"Gbé èkejì sókè."

Mo gbé ọ̀pá tì. Kò sí irin lẹ́yìn mi, ìyá mi náà kò sì na ọwọ́. Mo ń kà nínú ọkàn mi. Mo dé mẹ́fà kí n tó fi òsì kan ilẹ̀. Nígbà náà ló pe ọmọ àbúrò rẹ̀ nínú ilé pé kó wá àgbàdo, kó rẹ ẹ́ sómi lálẹ́ yìí.

Ó bu omi fún mi. Mo mu ún, ṣùgbọ́n n kò yéé wo títì, mo ń ro ibi tí n ó ti sọ̀ nígbà tí mo bá ń padà. Ó ní ṣé ọkọ̀ gbé mi dé tààrà.

"Mo fẹsẹ̀ rìn díẹ̀," mo ní.

Ọwọ́ rẹ̀ tún dúró lórí ẹ̀gúsí, mo sì mọ̀ pé ó ti tún ń ṣírò. Mo fa àpótí sún mọ́ ọn, mo jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì bomi là á: àwọn mẹ́ta tí kò jáde, itan, ìka tí mo fi ń kan irin, àti kọ́nà tí mo ṣì gbọ́dọ̀ rìn padà kí oòrùn tó wọ̀.