Ìbọn Tó Dún Nínú Kọ̀ǹpútà Wa

Òórùn àlìkámà lílọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti ọ̀nà èbúté ní àárọ̀ Sátidé yẹn, òórùn tó máa ń dà bíi ti búrẹ́dì tí kò jinná, tó sì máa ń dàpọ̀ mọ́ ti gọ́tà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Olódì-Àpápá. Mo gbé korobá lọ síbi tí a ti ń ra omi. Àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà ń pariwo bí ìṣe wọn. Bí mo ṣe yọ, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, ẹnu díẹ̀ ló dáhùn. Màmá Ẹ̀fẹ́, aládùúgbò wa tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín yàrá wọn àti tiwa, ni wọ́n ni ẹ̀rọ omi náà. Wọ́n gba korobá mi ṣáájú ti àwọn tó ti ń dúró, wọ́n sì pọn ọ́n kún láìwo ojú mi. Ẹnikẹ́ni kò bá wọn jà. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, nítorí lórí ìlà omi wa, ẹni tó bá fẹ́ gba iwájú ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ múra ìjà.

Nígbà tí wọ́n ń gbé e lé mi lórí, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi létí.

“Bùnmi, gọ́ọ̀nù mélòó ni bọ̀dá ẹ ní?”

“Gọ́ọ̀nù kẹ̀, Mà? Ìbọn?”

“Má ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Every afternoon, gbà-gbà-gbà, mo ń gbọ́ ọ lára ògiri. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Sájẹ́ǹtì ti kó àwọn bọ́ìsì jọ. Abeg, run go tell your papa.”

Mo sáré. Omi ń dà sí mi lára, n kò sì dúró.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè Àjégúnlẹ̀ lásìkò yẹn kò ní béèrè ìdí tí mo fi sáré. Ìgbà tí ológun ṣì wà lórí oyè ni. Àwọn adigunjalè ń gba òpópónà kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni ń ká àgbàdo. Àwọn ọ̀dọ́ fi irin dí ẹnu òpópónà wa, wọ́n sì fi ọkùnrin kan tó ní òun ti ṣe sójà rí ṣe olórí. Sájẹ́ǹtì ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá fura sí, wọn kì í mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ti rí ohun tó kù ní oríta lẹ́yìn tí táyà jó tán, nígbà tí mò ń lọ sí ilé ìwé. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo rántí jù, tí iná kò mú. N kò sọ ọ́ fún màmá mi.

Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní Warehouse Road, lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté. Nígbà tí ọ̀gá wọn ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó fún wọn ní ògbólógbòó kan tí ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amutábà. Bàbá mi fi ìró màmá mi wé e, wọ́n gbé e sẹ́yìn takisí bí ẹni gbé òkú, wọ́n sì dúró kí ojú ọ̀nà dá kí wọ́n tó gbé e wọlé.

“Ẹ gbọ́ o,” ni wọ́n wí fún èmi àti Ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi. “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ tí olè bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà wà nílé yìí, ọjọ́ náà ni wọ́n máa wá.”

Láti ìgbà náà, a kì í tan kọ̀ǹpútà láìkọ́kọ́ fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé.

Ṣẹ́gun ti parí ilé ìwé girama, ó ń dúró de yunifásítì. Ní ilé ọ̀gá bàbá mi ní Àpápá GRA ló ti rí géèmù náà nígbà ọdún Kérésì, lọ́dọ̀ ọmọ ọ̀gá: ọkùnrin kan tí a kò rí ju ọwọ́ àti ìbọn rẹ̀ lọ, tó ń rìn nínú ilé olókùnkùn, tó ń yìnbọn lu àwọn abàmì. Ó dà á kọ sínú àwọn díìsì pẹlẹbẹ, ó gbé e wálé, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà wa. Kọ̀ǹpútà ní mẹ́mòrì òun kò tó. Kò tilẹ̀ ní ohùn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n rà á fún. Pín ló mọ̀ ọ́n dún, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe nìyẹn, láìlówó lọ́wọ́. A ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ kí a lè tọ́jú owó ọkọ̀. Lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí Àpápá, àwọn kan wà tí wọ́n ń tú kọ̀ǹpútà àlòkù tó bá ọkọ̀ òkun dé, tí wọ́n ń ta ìfun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí alápatà. Ṣẹ́gun máa ń yọ mẹ́mòrì tiwa, á dì í sínú bébà, á mú un dání lọ bí obìnrin tó ń wá aṣọ tó bá tirẹ̀ mu. Ó rí ọ̀kan rà níkẹyìn, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé tó ní eyín wúrà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó ra káàdì tó ń fún kọ̀ǹpútà lóhùn. Apá wa kò ká díìsì ńlá ti inú rẹ̀, nítorí náà ó pa iṣẹ́ ọ́fíìsì tó wà nínú ti àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà.

Mẹ́mòrì àlòkù yẹn kì í jókòó dáadáa. Bí ọ̀rinrin bá ti mú eyín rẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa ké pín, pín, pín, ojú rẹ̀ á sì dúdú. Ìka mi ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, torí náà èmi ni Ṣẹ́gun kọ́ bí a ṣe ń yọ ọ́, bí a ṣe ń fi irésà nu eyín rẹ̀ títí á fi máa dán, àti bí a ṣe ń tì í padà.

Agbára wa kò ká sípíkà tuntun. Ṣẹ́gun so káàdì náà mọ́ sípíkà ńlá ara rẹ́kọ́dà bàbá mi tó ti bàjẹ́, èyí tó tóbi tó àgùntàn. Ó gbé e ti ògiri, nítorí ibẹ̀ nìkan ni àyè wà. Lọ́jọ́ tí ìbọn kọ́kọ́ dún, àwa méjèèjì fò sẹ́yìn, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ti ilé ìwé dé tí àwọn òbí wa kò tíì ti ibi iṣẹ́ bọ̀, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó bo fèrèsé, òógùn á máa ṣàn lára wa. Òun ló ń rìn, èmi ni mò ń yìnbọn, lórí kíbọ́ọ̀dù kan náà. A rò pé a ti fara pamọ́ fún olè. A kò ronú nípa ohun tí ògiri ń sọ fún ẹni tó wà ní òdì kejì.

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ Màmá Ẹ̀fẹ́ tán fún bàbá mi nígbà tí wọ́n dé. Sájẹ́ǹtì ló ṣáájú, pẹ̀lú àdá. Ṣẹ́gun wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ ṣòkòtò. Ṣòkòtò tútù náà ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. Wọ́n mú un kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ń yí táyà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, ó ń fi ọwọ́ gbá a bí ọmọdé tó ń ṣeré.

“Ìbọn dà?” Sájẹ́ǹtì bi bàbá mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ìbọn. Kọ̀ǹpútà ni. Géèmù ni àwọn ọmọ ń ṣe.”

“Kọ̀ǹpútà ló ń yìnbọn?”

“Tèmi máa ń se ìrẹsì!” ẹnìkan pariwo láàárín èrò. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù ju àdá lọ.

“Ẹ má fi mí ṣeré, Bàbá Ṣẹ́gun,” Sájẹ́ǹtì wí. “Mo ti ṣe sójà. Etí yìí mọ ìbọn. Mo ti dúró lẹ́yìn fèrèsé yín fúnra mi. Kí ló dé tí ẹ fi ń bo fèrèsé nínú ooru yìí?”

Bàbá mi yíjú sí Ṣẹ́gun. Ta ló máa sọ fún olórí àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò pé nítorí olè ni?

Wọ́n wọ yàrá. Kọ̀ǹpútà náà wà ní ìhòòhò bí Ṣẹ́gun ṣe máa ń fi í sílẹ̀, ìfun rẹ̀ wà níta. “Ẹ wo wáyà! Bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣe!” Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dé ìta, èrò sún mọ́ Ṣẹ́gun.

Màmá mi kò sunkún. Wọ́n lọ dúró láàárín Ṣẹ́gun àti táyà. “Sájẹ́ǹtì,” ni wọ́n wí, “ẹ ní etí yín mọ ìbọn. Iná wà. Ẹ jẹ́ kó dún lójú gbogbo ayé. Tí kò bá dún, kí ẹ ṣe ohun tí ẹ wá ṣe.”

“Make e sound!” Màmá Ẹ̀fẹ́ pariwo láti ẹ̀yìn. “Ẹ jẹ́ ká gbọ́!”

Sájẹ́ǹtì kò jẹ́ kí wọ́n tú Ṣẹ́gun. Ó ní bí wọ́n bá tú u, ìbọn ni yóò lọ mú. “Ta ló tún mọ̀ ọ́n lò?” Ojú gbogbo èèyàn yí sọ́dọ̀ mi.

Wọ́n gbé tábìlì náà gírígírí wá sẹ́nu ọ̀nà, kọ̀ǹpútà lórí rẹ̀, sípíkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Pín, pín, pín. Ojú rẹ̀ dúdú. Gbígbé tí wọ́n gbé e ti ṣí mẹ́mòrì nípò.

“Ṣé ìbọn nìyẹn?” ọ̀dọ́mọkùnrin onítáyà béèrè. “Ìyẹn á pa eṣinṣin.”

Mo pa á, mo yọ mẹ́mòrì. Màmá mi sáré mú irésà wá láti inú báàgì ilé ìwé mi. Bí mo ṣe ń nu àwọn eyín wúrà náà, Ṣẹ́gun pè mí láti ẹnu géètì. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ìgbà tó bá ń kọ́ mi ní ìṣirò.

“Bùnmi, má kánjú. Jẹ́ kó dagun díẹ̀ kí o tó gbé e nàró. Wàá gbọ́ kán.”

Mo gbọ́ kán.

Ògbólógbòó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́mòrì rẹ̀ lójú gbogbo wa, nọ́ńbà funfun ń gorí ara wọn, bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà nílẹ̀. Mò ń gbàdúrà kí iná má lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń gbàdúrà kó lọ. Nígbà tí géèmù ṣí, n kò dúró de abàmì kankan. Ògiri tó wà níwájú ni mo yìn, n kò sì gbé ìka kúrò mọ́.

Sípíkà bàbá mi bú. Èrò dojú bolẹ̀. Ẹlòmíràn bá ara rẹ̀ nínú gọ́tà. Onítáyà sá, ó fi táyà sílẹ̀. Mò ń yìn, mò ń yìn, títí ọta fi tán. Ọmọ kékeré kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Màmá Ẹ̀fẹ́ gbé orí sókè nínú eruku.

“Na dis be the gun? Ẹ̀yin ọmọ burúkú! Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń jẹun ọ̀sán láti ọjọ́ yìí!”

Wọ́n tú Ṣẹ́gun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì kò rẹ́rìn-ín. Òun náà ti dojú bolẹ̀ bí àwọn yòókù, gbogbo ayé sì rí i. Ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó gbé táyà náà, ó fi ti ara géètì wa.

“Ìbọn kan nìyẹn,” ló wí. “Kí èyí wà níbí títí a ó fi rí èkejì.”

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn òbí wa ti mú Ṣẹ́gun lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò bá wa gbé mọ́. Bó bá wá kí wa, ibi tó ti lè rí géètì ló máa ń jókòó sí. Bàbá mi ti kọ̀ǹpútà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀. Táyà wà níbi tí Sájẹ́ǹtì gbé e sí. Òjò rọ̀ sínú rẹ̀, tanwíjí ń wẹ̀ nínú omi náà. Lọ́jọ́ ìmọ́tótó, àwa náà á gbálẹ̀ bí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n a ó gbá yí táyà ká. Bí Sájẹ́ǹtì bá ń kọjá, á fi ẹsẹ̀ kàn án, á kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ẹ kú ilé o, Bàbá Ṣẹ́gun. Àbúrò mi Ṣẹ́gun ńkọ́?” Bàbá mi á ní, “Ó wà, ẹ ṣeun o.” Màmá mi máa ń sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe ekòló.

Ìjọba alágbádá dé. Wọ́n gbé àgọ́ ọlọ́pàá sí ìtòsí wa, wọ́n sì tú irin ẹnu òpópónà. Kò sí ẹni tó nílò Sájẹ́ǹtì mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú ilé rẹ̀. Ó ń kó padà sí ìlú rẹ̀. Mo rí i tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, mo sì di ilẹ̀kùn mú láti tì í. Bàbá mi ti jáde.

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀, ó da omi inú táyà nù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí po bí ẹni tó ń ra ọsàn.

“Táyà yìí ṣì dáa,” ló wí. “Kọ́bọ́ọ̀dù mi ń mì nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ fi há a.”

“Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e,” bàbá mi wí.

Àwọn méjèèjì gbé e kọjá níwájú mi. Omi dúdú ń kán sára aṣọ funfun tí bàbá mi wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, bàbá mi ní, “Ọlọ́run á mú yín dé ilé láyọ̀.” Sájẹ́ǹtì ṣe àmín, ó sì lọ.

Inú bí mi sí bàbá mi lọ́jọ́ náà ju bó ṣe bí mi sí Sájẹ́ǹtì lọ. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn, tí ìka rẹ̀ kò gbọ̀n, rò pé àgbàlagbà ló fúnra rẹ̀ yàn láti máa bẹ̀rù. Mo ti dé ọjọ́ orí tí bàbá mi wà nígbà náà. Àwọn ọmọ mi ń ṣe géèmù, mo sì máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu kí àwọn aládùúgbò lè rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá gbé mẹ́mòrì yẹn lé mi lọ́wọ́ lónìí, yóò jábọ́. Bó bá sì jẹ́ èmi ni mo wà lẹ́nu géètì lọ́jọ́ Àìkú yẹn, n ó bá Sájẹ́ǹtì gbé táyà náà dénú ọkọ̀, n ó sì tún bi í bóyá ó nílò okùn.