Gírámà tí Mo Kọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi tí ẹ ń wò yìí, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Ẹ má tíì kí mi kú iṣẹ́ o, ìtìjú ni ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi. Nígbà tí bàbá wa kú nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, àwọn ni wọ́n fi ilé-ìwé sílẹ̀, tí wọ́n ń rán fìlà ní Bẹẹrẹ, kí èmi lè kàwé. Àwọn náà ni wọ́n tọ́jú màmá wa fún ọdún mẹ́rin tí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn tí màmá lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lápá Yemetu. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ náà máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dán èèyàn wò lójúkojú kó tó gbà á.

"Àbúrò mi, ìwọ lo máa kọ́ mi o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ nǹkan fún ara mi."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọwọ́ mi lẹ wà."

Báwo ni mo ṣe wá kọ́ wọn? Bí alùfáà ṣe kọ́ àwa méjèèjì ní ilé-kéú ni. Ẹni tó bá gba ilé-kéú Ìbàdàn kọjá mọ̀ ọ́n: wàláà lórí itan, à ń ké e, à ń mì síwá-sẹ́yìn títí tá a fi há a sórí. Ìtumọ̀ di ọjọ́ mìíràn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, bí wọ́n ṣe ń rán fìlà, mo jókòó tì wọ́n, à ń ké gírámà lédè Gẹ̀ẹ́sì: kí ni ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ni ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Tí wọ́n bá fo ọ̀kan, màá jágbe mọ́ wọn bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn. Wọ́n á ní, "Má bínú, tíṣà." Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Tí aláìsàn bá fẹ́ sọ pé ara ń ro òun ńkọ́, kí ló máa sọ?" Mo ní a ò tíì dé ibẹ̀. Èmi òpònú!

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo sìn wọ́n lọ, mo dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ọkùnrin kan tó wà nídìí tábìlì rọra fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ tọ́jú aláìsàn. Háà! Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń wẹ̀ fún màmá wa, tí wọ́n ń yí i lórí ẹní láàárọ̀ lálẹ́! Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ké e láti orí ọ̀rọ̀-orúkọ dé òpin, wọn ò fo ọ̀kan. Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá rí ẹni bínú sí. Ó kàn ní kí wọ́n máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ojú wọn ń dán. "Mo sọ gbogbo ẹ̀ pátá! Ṣó o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Wọ́n yà ní Ọjà'ba, wọ́n ra àkàrà fún gbogbo ọmọ ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ń yẹ fóònù wò, n ò sì lè sọ fún wọn pé wọn ò dáhùn ìbéèrè ọkùnrin yẹn. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ dé pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gbà wọ́n, èmi náà ni mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní, "Alhamdulillahi," wọ́n sì mú abẹ́rẹ́ wọn.

Ó dùn mí dé eegun. Èyí tó wá ń pa mí jù ni pé, títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lágbo ilé, wọ́n á ní, "Àbúrò mi kọ́ mi dáadáa, Ọlọ́run rí i. Orí tèmi ni ò gbàwé." Màá wà níjòókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.