Fèrèsé Onígíláàsì Ìyá Àgbà

Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn rẹ́ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nílé wa ní Kémta, òórùn aró ló sábà máa ń jí ènìyàn, nítorí ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ti ń rẹ àdìrẹ nínú ìkòkò ńlá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, eruku igi ló wọ imú mi, mo sì ń sín títí mo fi bọ́ sí ìta. Mo bá Làmídì Káfíńtà lórí àpótí, ó ń fi òòlù yọ ìṣó lára fèrèsé yàrá Ìyá Àgbà.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé Abẹ́òkúta lákòókò yẹn yóò rántí. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ́lé sí Ìbarà, gbogbo ilé wọn ló sì ní lúfà, àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tí a tò léra, tí a ń fi ọwọ́ irin kékeré kan ṣí, tí a sì fi ń pa dé. Bàbá mi ń ta páànù àti ìṣó ní Làfẹ́ńwá. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti Ìbarà dé, wọn a dúró níwájú ilé wa, wọn a máa wo àwọn fèrèsé onípákó tí ọ̀dà ti ń ṣí lára wọn, wọn a mi orí. "Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ," ni wọ́n máa ń wí. Èmi náà kò lè sùn mọ́ tí mo bá ti gbọ́ lúfà. Lójú tèmi, ọmọ tí ilé wọn ní gíláàsì ti di ọmọ gómìnà.

Nígbà tí agbára wá ká a, Bàbá ní yàrá ìyá àwọn ni iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí pálọ̀ tó tẹ̀ lé e. "Ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìgbádùn," ni wọ́n wí. Ta ni yóò kọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀? Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ṣàdúrà: "Ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ." Gbogbo wa ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí orúnkún kò ti jẹ́ kí Ìyá Àgbà lè máa lọ sí ọjà Ìtòkú mọ́, fèrèsé yẹn ni ìsọ̀ wọn. Tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọn a ṣí pákó méjèèjì gbayawu, wọn a gbé ìgbọ̀nwọ́ lé etí fèrèsé, wọn a sì tẹ́ àdìrẹ síta. Oníbàárà a dúró lóde, á fọwọ́ pa aṣọ, á ná an. Ẹni tí kò ra nǹkan náà kì í kọjá lásán. Á kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà a pe oríkì rẹ̀, wọn a béèrè ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àti ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni wọ́n fẹ́ràn láti máa wí. Gbogbo àdúgbò ló mọ fèrèsé náà ju ẹnu ọ̀nà wa lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, gíláàsì ti dé ojú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń wọlé wá, "Ẹ kú ìnáwó o! Ẹ kú orí ire!" Èmi ni mo ń ṣí i, èmi ni mo ń pa á dé, títí màmá mi fi gbá mi lọ́wọ́. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń wò ó. Orí kò ṣe é yọ láàárín gíláàsì, aṣọ kò sì ṣe é tẹ́ sí i. Wọ́n ní ó dára.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Ìyá Ràṣídì, oníbàárà wọn láti ọjọ́ pípẹ́, dé láti Papalanto. Ọyẹ́ ń fẹ́, a ti pa lúfà dé nítorí eruku, Ìyá Àgbà sì wà lẹ́yìnkùlé nídìí aró. Èmi ń gbálẹ̀ níwájú ilé, mo rí gbogbo rẹ̀. Ìyá Ràṣídì rí ẹnì kan tó wé gèlè nínú gíláàsì, ló bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọlúàbí kì í tẹjú mọ́ àgbà tó bá ń kí i. Ó dorí kodò, ó ń kí lọ: "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹsẹ̀ ńkọ́, Ìyá?" Ara rẹ̀ ló ń kí. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó tún un kí. Ó dìde, ẹni inú gíláàsì náà dìde. Ó fi ìbínú pẹ̀yìn dà, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé onítọ̀hún náà ti kẹ̀yìn sí òun. Ẹ̀rín pa mí débi pé ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó pe Ìyá Àgbà wá, ó ti wọ ọkọ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé Ìtòkú pé láti ìgbà tí ọmọ Ìyá Àgbà ti fi gíláàsì sílé, wọn kì í dá ìkíni ènìyàn lóhùn mọ́, wọ́n tún ń kẹ̀yìn síni. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá wa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láìyà. Àánú Ìyá Àgbà ṣe mí, nítorí n kò rí i rí kí wọ́n jókòó láìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Màmá mi ní kí wọ́n sọ fún Bàbá.

"Ṣé kí n wá da ẹ̀bùn ọmọ mi padà lójú ayé ni?" ni wọ́n dáhùn. "Fi mí sílẹ̀, mo mọ bí n ó ṣe sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé àga àwọn lọ sí pálọ̀ Bàbá, níbi tí iṣẹ́ Làmídì kò tíì dé. Wọ́n ṣí fèrèsé onípákó ibẹ̀, wọ́n tẹ́ àdìrẹ lé e, wọ́n tẹ́ òmíràn sórí àga ìrọ̀rí, wọ́n tẹ́ òmíràn bo rédíò. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni wọ́n ń ké sí. Bàbá ti Làfẹ́ńwá dé pẹ̀lú àlejò, wọ́n bá àwọn obìnrin tí wọ́n ń ná aṣọ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Mo ní kí gíláàsì ọmọ mi sinmi ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọwọ́ aláró ni tèmi, kó má bà á jẹ́. Ibí dáa fún mi. Àbí mo dí ọ lọ́wọ́?"

Bàbá wo pálọ̀, wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àdìrẹ. "Ẹ foríjì mí, Ìyá. Mo ti gbọ́."

Làmídì padà wá, ó gbé lúfà náà lọ sí pálọ̀. A wá pákó méjèèjì rí: ọ̀kan ti di ìdérí ilé adìyẹ, màmá mi sì ti ń sá ata sórí èkejì. Làmídì kàn wọ́n padà sáyè wọn. Odindi ọ̀sẹ̀ ni Ìyá Àgbà fi ń sín bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Nígbà tí Ìyá Ràṣídì tún gba ibẹ̀ kọjá tó ṣe bí ẹni tí kò rí wa, wọ́n yọrí síta: "Wá kí mi, kí n dá ọ lóhùn! Ìwọ àti gèlè rẹ lẹ jọ kí ara yín lọ́jọ́sí." Ẹ̀rín ló fi kúnlẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn pákó yẹn. Àwọn ọmọ iléèwé ń bi mí bóyá gíláàsì ló tán lójú ọ̀nà. Mo pinnu pé tí mo bá kọ́lé tèmi, gíláàsì ni n ó fi yí i ká. Mo sì ti kọ́ ọ, lọ́nà Alábàtà. Gíláàsì mi dúdú, mò ń rí ìta, ìta kò rí mi. N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń tinú rẹ̀ wo ọmọdébìnrin kan tó ń kọrin lọ síléèwé láti ilé tó kọjú sí mi. Ìyá Àgbà tí kò mọ̀wé mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń kọjá. Èmi tí mo kàwé kò mọ orúkọ ẹyọ kan yìí, láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Lánàá, ojú tì mí. Mo ṣí gáàtì, mo jáde, mo bi í. Ó wò mí títí, ó ní òun kò mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀.

Sùwébátù ló ń jẹ́.