Òkúta Ìpọ́nrin Tí Bàbá Mi Rà Nínú Igbó Ọfọsu

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì iṣẹ́ bàbá mi lọ, ariwo irin ló máa ń jí wa nílé láràárọ̀ Sátidé. Tíṣà ni bàbá mi ní ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òdòdè. Kò sí alágbẹ̀dẹ kankan nínú ìdílé wa, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń sáré lọ sídìí ayò, bẹ́ẹ̀ lòun ń sáré lọ sídìí irin. Ó kọ́ ilé páànù kékeré kan sẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ló ń kó ohun èlò sí díẹ̀díẹ̀. Ní Àkúrẹ́ ló ti ra fáìsì tó ń di irin mú, ó gba ayùn irin àti òòlù lọ́wọ́ káfíńtà kan tó ti darúgbó, ó sì ra ẹ́ńjìnnì àlòkù lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ti fi lọ ata títí ó fi sú u. Ẹ má bi mí ohun tó fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò ta nǹkan kan rí nínú ohun tó ṣe níbẹ̀. Ayọ̀ ọkàn rẹ̀ ni, èmi náà sì fẹ́ràn láti jókòó tì í níbẹ̀, nítorí inú ilé páànù yẹn nìkan ni kì í ti í bínú.

Ohun tó kù tí kò ní ni òkúta ìpọ́nrin, òkúta ribiti tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí, tí èèyàn á gbé irin sí lára tí iná á máa ta jáde. Ó tó ọdún kan tó fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ilé ìlagi kan nínú igbó lọ́hùn-ún, lápá Ọfọsu, fẹ́ kógbá wọlé, pé wọ́n ń ta ẹrù wọn, kò sùn dáadáa mọ́. Àkókò ìsinmi ni, ó sì mú mi dání.

Lọ́rì agégẹdú ló gbé wa. Bí a ṣe ń wọ inú igbó lọ ni oòrùn ń fi wá sílẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀rọ ìlagi dúró jẹ́ẹ́, olú ti ń hù lára igi tí wọ́n gé sílẹ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń tọ́jú ilé ẹrù la bá. Bàbá mi béèrè ibi táwọn yòókù lọ, ọkùnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wọlé, ó gbé òkúta náà jáde nínú àpò ìdọ̀họ, ojú bàbá mi sì tàn bí ojú ọmọdé tó rí ẹran.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ìkòkò ni ìyá ìyá mi ń tà, mo sì ti tẹ̀lé e lọ sọ́jà débi pé ọwọ́ mi kì í gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo bá ti rí ìkòkò, màá fi ìka lù ú. Èyí tó dára á dún gooro. Èyí tó ti sán nínú, bí ojú kò tilẹ̀ rí ibi tó ti sán, ohùn rẹ̀ á kú. Kí n tó mọ̀, ìka mi ti kan òkúta tí bàbá mi fẹ́ rà. Ó dún pọ̀, bí ìkòkò tó ti sán. Mo tún lù ú lápá kejì, ó tún dún pọ̀.

Ọkùnrin náà rí ohun tí mo ṣe. Ó wá yíjú sí bàbá mi, ó ní àwọn tíṣà ayé ìsinsìnyí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò ráyè kọ́ tiwọn.

Ojú ti bàbá mi. Ó ní, "Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ wọ́n. Ọmọdé kì í yẹ ọjà àgbà wò."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi sanwó, a sì ń lọ sílé.

Àárín ẹsẹ̀ mi ni òkúta náà wà nínú lọ́rì. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá òkúta òyìnbó kì í dún bí ìkòkò wa. Mo fẹ́ gba ara mi gbọ́, kò ṣeé ṣe. Nígbà tí a padà dé Òdòdè, ìkùukùu ti bo orí òkè.

Bàbá mi lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó so òkúta náà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé páànù pé màá sọ ọ́ lónìí, màá sì ṣẹ́rí padà. Ìyá ìyá mi wá kí wa, ó bá mi níbi tí mo jókòó sí láìsọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Ọma mi yìí kò lẹ́nu rárá. Wọ́n kọ́ ọ, ó gbẹ̀kọ́." Lẹ́yìn èyí, báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi pè mí. "Wá wo iná," ló wí.

Mo ní, "Bàbá, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Ìtọ̀ kankan kò gbọ̀n mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo sá lọ sẹ́yìn àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé wa, mo lóṣòó, mo fi ọwọ́ di etí. Síbẹ̀ mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ń ké, ohùn rẹ̀ ń ga sí i, ó sì tún ń ga sí i. Lẹ́yìn náà nǹkan kan dún bí ìbọn, òrùlé páànù fàya, mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi.

Òkúta náà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èyí tó tóbi jù gba òrùlé jáde. Èyí tí kò ju èékánná lọ ló wọ ojú ọ̀tún bàbá mi. Lọ́rì akókòó ló gbé e lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́, ojú kan ló sì gbé padà wálé. Ó tún ń kọ́ni, ṣùgbọ́n kò wọ ilé páànù náà mọ́. Ìpẹtà jẹ gbogbo irin tó fi ọdún mélòó kan kó jọ.

Mo ti bí gbogbo yín kí n tó lè jẹ́wọ́ fún un. A jọ ń pa ẹ̀pà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sọ bí òkúta náà ṣe dún, mo sì sọ pé irọ́ ni ìtọ̀ tí mo ní ó ń gbọ̀n mí. 

Ó ní, "Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ náà nínú igbó. Mo mọ̀ pé o gbọ́ nǹkan. Ojú ló tì mí láti bi ọmọ mi léèrè níwájú ọkùnrin yẹn."

Ayé ti yí padà. Lónìí, òkúta ìpọ́nrin wà lọ́wọ́ gbogbo wẹ́dà, awò sì wà lójú wọn. Àwọn ọmọ yín ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, wọ́n ń béèrè ìdí, ẹ̀yin ìyá wọn á sì na ọwọ́ láti gbá wọn lẹ́nu. Ẹ ti rí i pé mi ò kì í jẹ́ kí ọwọ́ yín débẹ̀, ẹ sì ń sọ lẹ́yìn mi pé màmá ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ máa sọ ọ́. Nígbà tèmi, ọmọ tó bá dákẹ́ ni ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo àdúgbò ló máa ń yìn mí fún bàbá mi títí tí ojú rẹ̀ fi fọ́, wọn ò sì dẹ́kun yíyìn mí lẹ́yìn tó fọ́ tán.