Wàláà Tí Wọ́n Fọ̀

Ó ti rẹ̀ mí kí òyìnbó tilẹ̀ tó dé. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń kọ́ ọmọ mẹ́rìnlá ní ìwé lábẹ́ àtíbàbà tó ń jò, ní abúlé kan tó tó ìrìn ọjọ́ kan sí Ìlọrin. Bàbá mi, àáfà ní àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin, ò tíì dárí jì mí pé mo fi ilé kéwú sílẹ̀ lọ ṣe tíṣà nílé ìwé òyìnbó. Ojú wo ni mo fẹ́ fi padà lọ bá a lọ́wọ́ òfo?

Síléètì tí ọ́fíìsì àwọn òyìnbó ṣèlérí, a ò rí i. Mo bá ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ wàláà fún wa, pákó tí ọmọ kéwú fi ń kọ́ Kùránì, a sì ń fi tàdáà, yíǹkì oníkéwú tó ṣeé fi omi fọ̀, kọ A, B, D sí i lára. Nígbà tó yá, òyìnbó tó ń bojú tó ilé ìwé ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ohun tí àwọn ọmọ kọ. Bí òun ò bá rí nǹkan gidi, òun á ti ilé ìwé náà pa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi múra. Ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlà márùn-ún nípa oko wọn. Ọmọbìnrin kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, òun náà kọ tirẹ̀ tán. Mo to gbogbo wàláà ti ògiri ìta ilé tí mo ń gbé, mo lọ sinmi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí òyìnbó ń bọ̀, gbogbo wọn ti funfun báláú. Ìyá ọmọbìnrin yẹn ló fọ̀ wọ́n sínú igbá, tó pín omi rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Hàntú ló ṣe fún wọn: ẹni tó bá kọ wàláà tán, á fọ̀ ọ́ mu, kí ohun tó kọ́ má fò lọ lórí rẹ̀. Mo bú u níwájú àwọn ọmọ, ẹni tó lè bí mi. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.

"Àáfà," ó ní, "ṣé ẹ̀yin náà ò mu tiyín ni?"

Mo mu ún. Ta ni ò mu ún ní Ìlọrin? Èmi ni mo gbé wàláà lé wọn lọ́wọ́, tí n kò sọ fún ẹnì kankan pé èyí kì í ṣe mímu.

A gbìyànjú láti tún un kọ, ṣùgbọ́n pákó ṣì tutù, tàdáà ń ṣàn kiri. Òyìnbó dé lórí ẹṣin. Mo ní kí àwọn ọmọ ka ohun tí wọ́n kọ látorí, wọ́n sì kà á já. Ògbifọ̀ tó bá a wá ní òyìnbó ní àkàsórí kọ́ ni òun wá gbọ́, ilé kéwú ti ń ṣe ìyẹn. Ó yí ẹṣin padà.

Lẹ́tà dé lọ́sẹ̀ kejì pé kí n palẹ̀ mọ́. Mo ń di ẹrù lọ́wọ́ nígbà tí ìyá yẹn mú ọmọ rẹ̀ wá. Mo sọ fún un pé wọ́n ti ti ilé ìwé pa, pé ọmọ ò ṣẹ̀, òun náà ò ṣẹ̀, èmi ni. Kò gbà mí gbọ́; ṣebí mo ti bú u. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n dárí ji òun, kí n gba ọmọ òun padà.