Ohun Tí Mo Gbọ́ Lẹ́nu Kùsà

Lẹ́yìn àdúrà àsùbáà la kúrò ní Seat Pleasant, ìlú tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà, èmi àti Rìsíkátù ìyàwó mi, nínú RV tí a háyà. RV ni wọ́n ń pe ilé onítáyà níbí: ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó pẹ́ tí Rìsíkátù ti ń bẹ̀ mí pé ká lọ wo aṣálẹ̀ kí orúnkún wa tó kọ̀. Mo ní kí ló wà níbẹ̀ ju iyanrìn lọ.

Ọjọ́ márùn-ún la lò lójú títì kí a tó wọ Nevada, níbi tí aṣálẹ̀ náà wà. Ọ̀nà dán, kò sí kòtò kan, ṣùgbọ́n epo ń wọ́n sí i. Níbi tí a ti rà á gbẹ̀yìn, dọ́là mẹ́fà ni gálọ́ọ̀nù kan. Ní ilé oúnjẹ tó wà níbẹ̀, ṣúgà ni wọ́n fi se ẹ̀wà. Rìsíkátù ti àwo sẹ́yìn, ó padà sínú ọkọ̀ lọ te ẹ̀bà.

Lọ́jọ́ kẹfà la dé ìlú awakùsà kan tó ti di ahoro. Lọ́dọ̀ wa, igbó ì bá ti bo irú ilé bẹ́ẹ̀. Níbí, igbó ò sí, ilé kàn dúró síbẹ̀ láìní olúwa. Bàbá òyìnbó kan tó ń mú àlejò kiri kó wa lọ sẹ́nu kùsà. Ó ní fàdákà ni wọ́n ń wà, òkúta funfun ni wọ́n sì ń fọ́ kí wọ́n tó rí i. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní irú òkúta yẹn ni bàbá mi fọ́ lẹ́bàá Iléṣà, wúrà ni tiwọn.

Ó wò mí, ó bi mí bóyá ikọ́ bá bàbá mi jà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rù, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́ láìsinmi.

"Eruku òkúta yẹn ni. Òun ló pa bàbá tèmi náà. Tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn.

Nígbà tí bàbá mi kú, Ìyá Sikírá, ìyàwó kékeré rẹ̀, la ní ó fún un ní májèlé jẹ. Èmi ni ẹlẹ́rìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo sọ lójú mọ̀lẹ́bí pé mo rí i tó ń da àgúnmu sínú ẹ̀kọ gbígbóná. Mo rí i lóòótọ́, àgúnmu ikọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi tẹjú mọ́ mi, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo fi kún un pé ó wọ̀tún wòsì kó tó dà á. Irọ́ ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lé e jáde tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

Rìsíkátù ló wa ọkọ̀ bọ̀. N kò rí ojú ọ̀nà, n kò jẹun. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo ń gbà: kí n bá Ìyá Sikírá láàyè.

A kò tíì já ẹrù tí mo fi wá nọ́ńbà Sikírá lọ́wọ́ àwọn ará ilé, mo sì pè é. Ó ní ìyá òun ti kú lọ́dún tó kọjá. Mo sunkún, mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sọ ọ̀rọ̀ eruku náà fún un. Ó dá mi lóhùn:

"Bọ̀dá, Màámi mọ̀ pé eruku ni. Àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ Bàbá. Wọ́n ní àwọn sọ ọ́ lọ́jọ́ náà níwájú gbogbo yín."

Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́. Mo wá la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já kí àjèjì tó sọ ọ́, kí n tó gbà.